Bí Mo Ṣe Kúrò Lórí Windows 7 Tí Mi Ò Pààrọ̀ Kọ̀ǹpútà

Títí di oṣù kẹwàá ọdún 2025, Windows 7 ló wà lórí laptop mi. Ọdún 2011 ni mo rà á. RAM rẹ̀ jẹ́ 4 GB, hard disk rẹ̀ 500 GB, ọpọlọ Core i3 tí Intel ṣe, ìran kejì, ló sì wà nínú ẹ̀. Kò dá mi lágara rí. Tí mo bá tàn án, á tàn. Tí mo bá fẹ́ kọ lẹ́tà, á gbà mí láyè kí n kọ ọ́ tán. Ẹni tó bá ní kí n fi Windows tuntun sí i, ìbéèrè kan ni mo máa ń bi í: kí ló ṣe èyí tó wà níbẹ̀?

Ojúewé báńkì ló jẹ́ kí n rí ohun tó ṣe é. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo fẹ́ wo iye tó wà nínú àkáǹtì mi, ojúewé náà funfun báláú. Mo tún un ṣí, bákan náà ni. Mo gbé fóònù, ó ṣí wẹ́rẹ́. Ìgbà yẹn ni mo tó fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ kan tí Chrome ti ń gbé síwájú mi tipẹ́, tí mo kàn máa ń pa dé: kọ̀ǹpútà yìí ò ní gba Chrome tuntun mọ́. Chrome 109 ló gbẹ̀yìn fún Windows 7. Oṣù kejì ọdún 2023 ni 110 jáde, kò sì bojú wẹ̀yìn. Ó ti lé ní ọdún méjì tí mo ti ń fi browser tí ẹnikẹ́ni ò tún ṣe mọ́ wọ àkáǹtì báńkì mi. Àyà mi já.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa rẹ̀. Oṣù kẹwàá ọdún 2009 ni Windows 7 jáde, Microsoft sì dáwọ́ àtúnṣe rẹ̀ dúró fún àwa tí à ń lò ó nílé ní ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 2020. Èrò tèmi tẹ́lẹ̀ ni pé wọn ò ní fi nǹkan tuntun kún un mọ́ ni, mo sì ní ìyẹn ò kàn mí. Ibi tí mo ti ṣìnà nìyẹn. Àtúnṣe tí mò ń wí yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́, ihò ni wọ́n fi ń dí. Oṣooṣù ni wọ́n ń rí ihò tuntun nínú Windows, oṣooṣù náà ni Microsoft sì ń dí wọn. Tí wọ́n bá dí ọ̀kan lára Windows tuntun, olè á tú àtúnṣe náà palẹ̀, á rí ibi tí ihò náà wà, á wá lọ wò ó bóyá irú ẹ̀ wà lára ti àtijọ́. Ó sì sábà máa ń wà níbẹ̀, torí pé orí èyí tó wà nílẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ tuntun. Ẹ ò rí i pé àtúnṣe tí wọ́n ṣe fún ẹlòmíràn ló ń fi ọ̀nà ilé mi han olè.

Ìtàn WannaCry ló jẹ́ kó yé mi yékéyéké. Ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2017 ni Microsoft gbé àtúnṣe ihò yẹn jáde. Ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ni WannaCry bẹ̀rẹ̀ sí í ràn bí iná ọyẹ́, ó ń ti fáìlì àwọn èèyàn pa, ó ń béèrè owó kó tó ṣí i. Ó wọ àwọn ilé ìwòsàn ìjọba nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì débi pé wọ́n ń dá aláìsàn padà. Windows 7 ló wà lórí èyí tó pọ̀ jù lára àwọn kọ̀ǹpútà tó kó o, bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn, Windows 7 ṣì ń gba àtúnṣe! Oògùn ti wà nílẹ̀ fún nǹkan bí oṣù méjì, wọn ò lò ó. Ní ti Windows XP, tí àtúnṣe tiẹ̀ ti dópin láti ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2014, Microsoft ní láti sáré gbé àkànṣe àtúnṣe jáde fún un lẹ́yìn tí iná ti jó dórí òrùlé.

Ọjọ́ orí kọ́ lọ̀rọ̀, nígbà náà. Ètò tó ti pẹ́, tí wọ́n ṣì ń dí ihò rẹ̀, tí ẹni tó ni ín sì ń jẹ́ kó gba àtúnṣe, ó sàn ju tuntun tí wọ́n pa àtúnṣe rẹ̀ lọ. Ẹlòmíràn á ní òun ní antivirus. Èmi náà ní in. Antivirus lè mú olè tó bá dá ojú rẹ̀ mọ̀, àmọ́ kò lè dí ihò tó wà lára ògiri. Mi ò sì bá ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kì í dé orí íntánẹ́ẹ̀tì jà o. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló ń darí, tí wọn kì í ki fíláàṣì ibi gbogbo bọ̀ ọ́, kó máa lo XP rẹ̀ lọ. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Ímeèlì, báńkì, àwòrán ìyá mi tó ti dolóògbé, orí laptop yẹn ni gbogbo wọn wà.

Ibo ni kí n wá lọ? Windows 10 máa ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, àmọ́ ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni tiẹ̀ náà parí. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ lè rí ọdún kan gbà lé e, títí di oṣù kẹwàá ọdún 2026. Mi ò lè kó kúrò nínú ilé tó ti wó lọ sínú èyí tí wọ́n ti sàmì sí pé wọn máa wó. Windows 11 ń béèrè TPM 2.0 (ẹ̀yà tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àṣírí kọ̀ǹpútà) àti Secure Boot (tó ń yẹ ètò wò kí kọ̀ǹpútà tó tàn), ọpọlọ tí Intel ṣe sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ìran kẹjọ sókè, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀. Ìran kejì ni tèmi. Àbúrò mi tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà sọ fún mi pé ọgbọ́n wà tí wọ́n fi ń gba ẹ̀yìn wọlé. Mo ní rárá. Microsoft fúnra wọn ò ṣèlérí pé irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ á máa rí àtúnṣe gbà, àtúnṣe yìí gan-an ni mo sì ń wá kiri.

Kí n ra tuntun ńkọ́? Kò wù mí kí n sọ ẹ̀rọ tí nǹkan kan ò ṣe nù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbìyànjú Linux Mint," ni àbúrò mi wí. "Ẹ má tíì pa nǹkan kan rẹ́. Ẹ fi sórí fíláàṣì, kí ẹ ti ibẹ̀ tàn án, kí ẹ fojú ara yín rí i."

Mo ti gbọ́ tipẹ́ nípa Linux, ètò mìíràn tó lè darí kọ̀ǹpútà dípò Windows, mo mọ̀ pé Linus Torvalds ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1991, àmọ́ mo rò pé fún àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun nìkan ni. Mint, tó jẹ́ oríṣi Linux kan, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, àwòrán ojú rẹ̀ sì jọ èyí tó ti mọ́ mi lára. Mo mú ẹ̀dà Xfce, torí pé òun ni kì í ni RAM lára.

Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo kó fáìlì mi sórí hard disk àfikún kan. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ṣe é, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Documents àti Pictures ò tó. Gbogbo ímeèlì mi láti ọdún 2011 wà nínú fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí .pst, inú fódà AppData tí Windows máa ń fi pa mọ́ ló sì fi í sí. Ká ní mi ò béèrè lọ́wọ́ Outlook tí mo fi ń ka ímeèlì fúnra rẹ̀ ibi tó ń tọ́jú nǹkan sí, ǹ bá ti fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Lẹ́yìn tí mo kó wọn tán, mo gbé hard disk náà lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, mo ń ṣí wọn wò. Àwòrán ìyá mi kan wà tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo ṣí i. Orí àti èjìká wọn hàn kedere, láti àyà wọn lọ sí ìsàlẹ̀ wá di eérú pátápátá, bí ẹni fi ọ̀dà nù ún. Mo jókòó síwájú ẹ̀, mi ò lè sọ̀rọ̀. Mo sáré padà sórí laptop, mo ṣí èyí tó wà níbẹ̀: odindi ni. Okùn tí mo fi so hard disk náà ló ń mì, ó ti já lẹ́nu iṣẹ́ láìmọye ìgbà. Mo pààrọ̀ okùn, mo tún gbogbo rẹ̀ kó láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, fáìlì tí ẹ kó síbì kan tí ẹ ò ṣí wò, ẹ má tíì kà á sí èyí tí ẹ ti kó.

Mo wa Mint 22 sílẹ̀, nǹkan bí 3 GB. Mo fi certutil tó wà nínú Windows yẹ̀ ẹ́ wò bóyá nọ́ńbà SHA256 rẹ̀, tó dà bí ìtẹ̀ka fáìlì, bá èyí tí àwọn tó ṣe é kọ sílẹ̀ mu. Ó bá a mu. Rufus tí mo fẹ́ fi gbé e sórí fíláàṣì ni kò gbà. Ẹ̀dà tuntun rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ lórí Windows 7 mọ́, 3.22 ló gbẹ̀yìn. Àní irinṣẹ́ tí mo fẹ́ fi jáde pàápàá ti kọ̀ mí sílẹ̀! Mo wá 3.22 rí, ó ṣe é.

Mo ki fíláàṣì bọ̀ ọ́, mo tún kọ̀ǹpútà tàn, mo ń tẹ F12. Mint jáde. Ìró ń dún, ojú rẹ̀ mọ́, bọ́tìnnì gbogbo ń ṣiṣẹ́, hard disk mi ò sì mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀. Wi-Fi nìkan ni kò yọjú.

Scanner ni mo ń bẹ̀rù jù. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ò ṣe dráífà kankan, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń bá scanner sọ̀rọ̀, fún un mọ́ lẹ́yìn Windows 7, òun gan-an sì ni ìdí tí mo fi fi àáké kọ́rí láti ọjọ́ yìí wá, torí àwòrán ẹbí tí mi ò tíì scan kù lọ́wọ́ mi rẹpẹtẹ. Mo so ó mọ́ laptop. Mi ò fi dráífà kankan sí i. Mo ṣí ètò kan tí wọ́n ń pè ní Document Scanner, mo tẹ Scan. Iná rẹ̀ tàn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lábẹ́ gíláàsì. Mo dìde dúró. Ohun tó dè mí mọ́ Windows 7 fún ọdún márùn-ún, ìṣẹ́jú kan ló tú.

Ọjọ́ kejì ni mo fi Mint sí i. Mi ò pa hard disk àtijọ́ rẹ́. Mo tú ìdí laptop, mo yọ ọ́, mo fi SSD 240 GB, ibi ìpamọ́ tó yára ju hard disk lọ, rọ́pò. Ti àtijọ́ wà nínú dúróà mi báyìí pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀, tó fi jẹ́ pé tí nǹkan bá yíwọ́, ìṣó mélòó kan péré ni mo máa tú. Àwọn kan máa ń fi Windows àti Linux sí ojú kan náà. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀, torí mo mọ̀ pé Windows 7 ni màá máa padà sí. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí Mint fi parí. Ní ti Wi-Fi, mo fi okùn USB so fóònù mọ́ laptop kó lè fún un ní íntánẹ́ẹ̀tì, mo ṣí Driver Manager, ó ti kọ orúkọ dráífà Broadcom tí Wi-Fi mi nílò síbẹ̀ dè mí. Mo ní kó fi sí i, mo tún un tàn, Wi-Fi dé.

Kọ̀ǹpútà tó ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó jí, kì í tó ààbọ̀ ìṣẹ́jú mọ́ báyìí. Kí n má purọ́ fún yín, SSD ló fa èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà àtijọ́, ibi tí màá ní kó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, Windows tàbí Linux yòówù kó wà lórí ẹ̀.

Mo pàdánù nǹkan. Ìwé Excel kan tí mo fi ń ṣírò owó ní bọ́tìnnì tó ń dá ṣiṣẹ́ nínú, LibreOffice, tí mo fi rọ́pò Excel, ṣí i, àmọ́ àwọn bọ́tìnnì náà kú. Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni mo fi tún un kọ. Fáìlì .pst ò ṣeé gbé wọ Thunderbird, ètò ímeèlì tí mo ń lò báyìí, bẹ́ẹ̀. Ètò kékeré kan tó ń jẹ́ readpst ni mo fi tú u sí oríṣi tí Thunderbird lè kà. Ètò ìṣirò kan tí mo ti ń lò láti ọdún 2012 kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ṣiṣẹ́, ó sì dùn mí. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo ti kó gbogbo àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ jáde sínú Excel kí n tó yọ hard disk. Ẹni tí irú ètò bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, mi ò ní kó ṣe bíi tèmi. Kó wá kọ̀ǹpútà tí Windows 11 máa gbà.

Lọ́jọ́ tí mo parí ẹ̀, mo ṣí ojúewé báńkì. Ó ṣí. Ní ìsàlẹ̀, àwòrán asà kékeré kan yọ pé àtúnṣe ti dé, mo tẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ètò kan tó ń jẹ́ Timeshift wà nínú Mint tó máa ń tọ́jú bí kọ̀ǹpútà ṣe rí kí àtúnṣe tó wọlé, tó bá bà á jẹ́, mo lè dá a padà. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ láti máa gbà wọ́n.

Títí di ọdún 2029 ni Mint 22 máa fi gba àtúnṣe. Mo kọ "2029" sórí bébà pélébé kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí laptop, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìṣó tí mo tú.