Bí A Ṣe Ń Ya Fọ́tò Àwọn Ibi Olókìkí Òṣogbo Nígbà Tí Òòrùn Bá Ràn

Ìgbà tí òjò bá ti dáwọ́ dúró lápá ìparí oṣù Ọ̀wàrà, tí ọyẹ́ kò sì tíì bẹ̀rẹ̀, ni ojú ọ̀run Òṣogbo máa ń mọ́ jù. Ewé igi ṣì tutù minimini, eruku kò tíì bo òrùlé. Ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò ìlú yìí kí ó lo àsìkò náà, kí ó sì mọ̀ pé wákàtí tí òun bá dé ibì kan ṣe pàtàkì ju irú kámẹ́rà tí òun gbé lọ́wọ́ lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ jẹ́ kí bátìrì kún, kí ẹ sì fi aṣọ rírọ̀ tó mọ́ nu ojú lẹ́ǹsì. Ọ̀rá ìka díẹ̀ lójú lẹ́ǹsì fóònù ti tó láti sọ ìmọ́lẹ̀ òòrùn di kùrukùru nínú fọ́tò.

Ààfin Àtáọ́ja ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, láàárín aago 7 sí 9 àárọ̀, nígbà tí òòrùn ṣì wà nílẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ wá. Ẹ má tíì yà á. Ẹ kọ́kọ́ rìn yíká, kí ẹ wo apá tí ìmọ́lẹ̀ bà àti apá tó wà nínú òjìji. Apá tó bá ṣókùnkùn láàárọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ bá ya Ọjà Ọba tó wà nítòsí, ẹ kí àwọn ìyá ọlọ́jà kí ẹ tó gbé kámẹ́rà sókè: “Ẹ kú ọjà o, mà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n ya ọjà yín?” Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ dúpẹ́, kí ẹ kọjá.

Igbó Ọ̀ṣun ló gba sùúrù jù, òun ló sì yẹ kí ẹ fún ní àkókò jù. Igbó náà tó nǹkan bí hẹ́kítà 75, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, sì fi í sára àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005. Lẹ́nu ọ̀nà, ẹ bèèrè bóyá owó kámẹ́rà yàtọ̀ sí owó ìwọlé. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé òòrùn ń yọ láàárín ewé, ó ń ṣe tótòtó lára àwọn ère, bẹ́ẹ̀ ni kámẹ́rà kò lè gba ibi funfun àti ibi dúdú pọ̀ dáadáa. Bí fóònù lẹ ń lò, ẹ fi ìka tẹ ibi tó mọ́lẹ̀ jù, kí ẹ sì fa àmì òòrùn kékeré tó bá yọ wá sísàlẹ̀ díẹ̀. Bí kámẹ́rà ni, ISO 100 (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí), f/16 (bí ihò lẹ́ǹsì ṣe ṣí tó; bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni ihò ṣe ń fẹ̀ tó) àti 1/125 (ìdá kan nínú ìdá 125 ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn àkókò tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀) máa ń tó ní gbangba òòrùn; lábẹ́ igi, ẹ gbé ISO lọ sí 800, kí ẹ ṣí lẹ́ǹsì dé f/4.

Ère tí Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ará Austria tí a mọ̀ sí Àdùnní Olóòrìṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà bíi Adébísí Àkànjí mọ síbẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń yà láti òkèèrè nìkan. Ẹ sún mọ́ wọn láìfọwọ́ kàn wọ́n, kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wọn, ipa ọwọ́ tó mọ sìmẹ́ǹtì náà yóò sì hàn kedere. Lójú tèmi, irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ níyì ju èyí tí àwa fúnra wa dúró bo ère nínú rẹ̀ lọ. Ní ojúbọ etí odò, ẹ má ya ẹnikẹ́ni tó ń bọ Ọ̀ṣun láìgba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn àwòrò.

Ọ̀sán gangan kò dára fún fọ́tò ilé. Ẹ fi í sinmi. Ní nǹkan bí aago 5 ìrọ̀lẹ́, ẹ lọ sí ilé alájà tí Àdùnní gbé títí ó fi kú ní ọdún 2009, lójú ọ̀nà Ìbòkun. Ẹ fà sẹ́yìn dáadáa, nítorí bí ẹ bá sún mọ́ ọn tí ẹ wá kọjú fóònù sókè, ilé náà yóò dà bí ẹni tó fẹ́ ṣubú sẹ́yìn. Ẹ má gbàgbé ọ̀kadà tó ń kọjá lẹ́yìn yín.

Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ kọ orúkọ ibi kọ̀ọ̀kan, àti orúkọ oníṣẹ́ ọnà tí ẹ bá mọ̀, sí ìdí fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.