Bí A Ṣe Ń Yan Fèrèsé Ilé: Ṣé Ti Òkè Òkun Ni Tàbí Èyí Tí A Ṣe Nílé?

Bí ilé bá ti kọjá líńtà, tí wọ́n sì ti kan òrùlé rẹ̀ tán, ọ̀rọ̀ fèrèsé kì í pẹ́ dé. Ẹnìkan á ní kí ẹ ra èyí tó wọlé nínú kọ̀ńtánà láti Ṣáínà tàbí Tọ́kì, pé bí ó ṣe ń dán nìkan ti tó ẹ̀rí. Ẹlòmíràn á ní kí ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń gé alumíníọ́mù ládùúgbò ṣe é, nítorí pé owó rẹ̀ yóò dínkù. Ní tèmi, orílẹ̀-èdè tí fèrèsé ti wá kọ́ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè. Ẹni tí yóò wọn ihò rẹ̀, àti ẹni tí yóò wá tún un ṣe bí róólà rẹ̀, ìyẹn àgbá kékeré tí fèrèsé fi ń yí, bá jẹ ní ọdún mẹ́ta sí i, ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní ni kí ẹ mọ ohun tí wọ́n ń tà fún yín gan-an. Ọ̀nà mẹ́ta ni fèrèsé pín sí: ọ̀pá alumíníọ́mù tó di férémù, gíláàsì, àti àwọn nǹkan kéékèèké bíi róólà, rọ́bà, kọ́kọ́rọ́ àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Ó ti pẹ́ tí àwọn iléeṣẹ́ bíi Tower àti Nigalex ti ń ṣe ọ̀pá alumíníọ́mù ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n òkè òkun ni ọ̀pọ̀ gíláàsì pẹrẹsẹ tí à ń lò ti ń wá, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ róólà àti kọ́kọ́rọ́. Nítorí náà, fèrèsé tí wọ́n pè ní ti ilé lè jẹ́ ọ̀pá Ṣáínà tí wọ́n rà ní ọjà Odùnadé ní Orílé l'Ékòó, tí wọ́n wá gé ní ẹ̀yìnkùlé yín. Ẹ béèrè ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé tí wọ́n fi dá owó lé iṣẹ́ náà.

Ìgbésẹ̀ kejì ni kí ẹ wo ibi tí ilé yín wà. Bí ó bá jẹ́ etí òkun ni, bíi Lẹ́kì tàbí Badagry, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ yóò máa jẹ ojú alumíníọ́mù tí wọn kò kùn dáadáa, àwọn skúrù irin lásán yóò sì dípẹtà kí férémù fúnra rẹ̀ tó gbó. Skúrù tí kì í dípẹtà ni kí ẹ bèèrè fún. Bí ó bá jẹ́ òkè lọ́hùn-ún ni, bíi Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ṣakí, eruku ọyẹ́ ni ọ̀tá yín, ojú ọ̀nà tí róólà ń gbà ni ó sì máa ń dí jù. Fèrèsé tí a ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdajì ihò rẹ̀ péré ni ó lè ṣí, nígbà tí èyí tó ń ṣí bí ilẹ̀kùn lè gba afẹ́fẹ́ wọlé ní gbogbo ihò rẹ̀. Ní ilé tí iná ọba kì í ti í dúró, ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yan èyí tó ń ṣí bí ilẹ̀kùn, ẹ rántí irin bọ́gílárì, kí ẹ má baà rí i pé apá fèrèsé ń kọ lu irin ní ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e.

Ibí yìí ni ó ti yẹ kí a ṣọ́ra fún àwọn fèrèsé onígíláàsì méjì tí wọ́n ń kó wá láti ilẹ̀ olótùútù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a ṣe láti dá ooru dúró sínú ilé, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kí ooru oòrùn má wọlé ni àwa ń wá. Wọ́n wúlò fún ilé tó wà létí títì, nítorí pé wọ́n ń dín ariwo mọ́tò àti jẹnẹrétọ̀ kù, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ilé, òrùlé tó yọ síta dáadáa yóò ṣe ju owó ńlá tí ẹ fẹ́ ná sórí wọn lọ. Èyí tó jẹ́ ike funfun náà ńkọ́? Bí kì í bá ṣe èyí tí wọ́n pò fún oòrùn líle, yóò pọ́n, yóò sì máa ṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni ìwọ̀n, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Nígbà tí mo ń kọ́ ilé mi ní Ìbàdàn, mo fún oníṣòwò kan ní ìwọ̀n inú píláànù, ẹsẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́rin, ìyẹn mìlímítà 1200 sí 1200, ó sì bá mi pàṣẹ fèrèsé mọ́kànlá láti òkè òkun. Kí wọ́n tó dé, bíríkìlà ti rẹ́ ògiri, sìmẹ́ǹtì sì ti jẹ lára ihò. Òmíràn di 1180, òmíràn 1175. Mo dúró níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé èkíní wọ inú ihò tí kò sì wọ̀, tí bíríkìlà wo ojú mi, tó wá mú ṣísẹ́lì, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ògiri tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Títí di òní, ojú fèrèsé méjì ni ògiri rẹ̀ ti sán ní igun.

Ohun tó yẹ kí n ṣe nìyí: kí n dúró kí wọ́n rẹ́ ògiri tán, kí n sì wọn ìbú ihò kọ̀ọ̀kan ní ibi mẹ́ta, lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, kí n wọn gíga rẹ̀ bákan náà, kí n sì mú èyí tó kéré jù. Lẹ́yìn náà, kí n na téèpù láti igun dé igun ní ọ̀nà méjèèjì. Bí iye méjèèjì kò bá dọ́gba, ihò náà ti wọ́ nìyẹn. Ẹni tó ń gé fèrèsé ládùúgbò lè gé e bá ihò tó wọ́, àmọ́ èyí tó ti wà nínú kọ̀ńtánà kò lè yí padà mọ́. Bí gíláàsì rẹ̀ bá sì jẹ́ èyí tí wọ́n fi iná mú le, tó máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́, ẹnikẹ́ni kò lè gé e mọ́ lẹ́yìn tó ti jáde níná.

Ìgbésẹ̀ kẹrin, ẹ fi ọwọ́ kàn án. Ẹnu dùn-ún ròfọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n gé ọ̀pá kan níwájú yín, kí ẹ sì wọn bí ara rẹ̀ ṣe nípọn tó. Mìlímítà 1.2 ni mo kà sí ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tí kò tó 1, bí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó lè wọ inú. Ẹ wo igun tí ọ̀pá méjì ti pàdé, bóyá ìmọ́lẹ̀ ń yọ níbẹ̀. Ẹ wo ìsàlẹ̀ férémù fún àwọn ihò kéékèèké tí omi òjò ń gbà jáde síta. Fèrèsé tí kò ní ihò yìí, inú pálọ̀ yín ni omi yóò dà sí. Ẹ fi èékánná fa rọ́bà tó yí gíláàsì ká, bí ó bá le bí ike, kò ní pẹ́ tí yóò fi sán. Gíláàsì mìlímítà 5 ni kí ẹ lò fún ihò tó fẹ̀. Bí wọ́n bá sọ pé èyí tí wọ́n fi iná mú le ni, ẹ wá àmì tí iléeṣẹ́ sábà máa ń tẹ̀ sí igun rẹ̀.

Ní ti owó, ẹ má ṣe fi iye tí wọ́n pè ní òkè òkun wé iye tí wọ́n pè níbí. Ẹ ṣírò pàṣípààrọ̀ dọ́là, owó ọkọ̀ ojú omi, owó aṣọ́bodè, owó ẹni tó ń gba ẹrù jáde ní Apápá, owó ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà yín, àti iye tí yóò fọ́ lọ́nà. Fún fèrèsé mọ́kànlá, ti ilé ni mo sábà máa ń gbà lámọ̀ràn. Fún ilé ńlá tó ní ọgọ́ta ihò tó dọ́gba, ti òkè òkun lè pé. Bí ẹ bá pàṣẹ rẹ̀, ẹ ra róólà, kọ́kọ́rọ́ àti rọ́bà díẹ̀ sí i mọ́ ọn lọ́jọ́ náà, nítorí pé èyí tó bá a mu lè má sí lọ́jà níbí láéláé.

Ní ìkẹyìn, ẹ má ṣe san gbogbo owó náà tán. Nígbà tí wọ́n bá ti gbé fèrèsé, tí wọ́n sì ti fi sílíkọ́ọ̀nù dí etí rẹ̀, ẹ dúró di ọjọ́ kejì, kí ẹ gbé rọ́bà omi síta, kí ẹ sì da omi lu ìkọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹnìkan sì wà nínú yàrá pẹ̀lú aṣọ gbígbẹ tí yóò máa nu ojú ògiri abẹ́ fèrèsé. Bí aṣọ náà bá gbẹ títí, ẹ san ìyókù.