Asáré Tó Ti Jáde Lè Kó Bá Ẹlẹgbẹ́ Rẹ̀: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Softball

Tí wọ́n bá ti mú asáré, ìyẹn ẹni tó ń sáré láti béèsì kan dé òmíràn, jáde, ọ̀pọ̀ olùkọ́ni gbà pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti tán. Kò tíì tán o. Ó ṣì lè kó bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà lórí béèsì.

Àṣìṣe tó burú jù ni kí èèyàn gbé òfin baseball wọ pápá softball. Nínú baseball, tí ẹni tó ti jáde bá kàn ń sáré lọ, ìyẹn nìkan ò tó láti pè ní ìdílọ́wọ́. USA Softball, àjọ softball Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ ASA títí di 2017, ò fojú yẹn wò ó: tó bá ń sáré lọ títí tí ẹgbẹ́ kejì fi ju bọ́ọ̀lù nítorí rẹ̀, adájọ́ lè kà á sí ìdílọ́wọ́. Ẹ má kọ́ ọmọ pé kó máa sáré lọ láti fi da ojú wọn rú.

Ẹ má sì ṣi ẹni tó yẹ kó jáde mú. Ká ní asáré kan wà ní béèsì kìíní, òmíràn ní ìkẹta, ẹnikẹ́ni ò tíì jáde. Bọ́ọ̀lù yí lọ bá shortstop (ẹni tó ń ṣọ́ àárín béèsì kejì àti ìkẹta), ó jù ú sí béèsì kejì, asáré tó ń bọ̀ láti ìkíní jáde. Ti béèsì kẹta ò kúrò lójú kan. Kàkà kí èyí tó jáde yà, ó nawọ́ sókè, ó dí ẹni tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù sí béèsì kìíní lọ́wọ́. Ní baseball, ẹni tó lu bọ́ọ̀lù, tí wọ́n ń lé mú, ló máa jáde. Ní USA Softball, bọ́ọ̀lù kú, asáré tó sún mọ́ ilé (béèsì tí wọ́n ti ń lu bọ́ọ̀lù) jù ló jáde: ọmọ béèsì kẹta, tí ò mọwọ́ mẹsẹ̀! Ó máa ń dun àwọn òbí, mi ò dá wọn lẹ́bi, àmọ́ òfin ni.

Tó bá jẹ́ kí wọ́n tó mú un jáde ló ti dí wọn lọ́wọ́ ńkọ́, tó hàn gbangba pé double play (mímú èèyàn méjì jáde lẹ́ẹ̀kan náà) ló fẹ́ bà jẹ́? Òun jáde, ẹni tó ń tẹ̀ lé e náà jáde. Kẹ́ ẹ tó pariwo mọ́ adájọ́, ẹ rántí ìgbà tí bọ́ọ̀lù wọ ìbọ̀wọ́ ẹni tó wà ní béèsì: ìyẹn ló ń sọ bóyá asáré ti jáde kó tó dí wọn lọ́wọ́.

Ní Amẹ́ríkà, ilé-ìwé girama ń lo ìwé òfin NFHS, àjọ eré ìdárayá wọn, yunifásítì ń lo ti NCAA, àjọ tiwọn. Ẹ bèèrè èyí tí wọ́n ń lò kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Ìwọ catcher, tó ń gba bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ẹni tó ń lù ú, ńkọ́? Tí ẹnì kan bá wà ní béèsì kìíní, tí àwọn tó jáde ò sì tíì pé méjì, ẹni tó lù tàsé lẹ́ẹ̀kẹta ti jáde, bọ́ọ̀lù ì báà bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Tó bá sáré, jẹ́ kó máa sáré lọ. Di bọ́ọ̀lù rẹ mú, kó o wo àwọn tó kù lórí béèsì.