Bí ẹ ṣe máa béèrè ìrànlọ́wọ́ SQL lórí chat tí wọ́n á fi dá yín lóhùn

"Good evening house, ẹ jọ̀ọ́ ta ló mọ SQL níbí?"

Èmi náà ti tẹ irú ẹ̀ rí, n ò ní purọ́. (SQL ni èdè téèyàn fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú àkọsílẹ̀ sí.) Mo tẹ̀ ẹ́ sínú gúrúùpù Telegram kan ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ jẹ iyán, ìgbà tí mo fi máa padà dé èèyàn mẹ́ta ti kí mi, kò sí ẹni tó dá mi lóhùn. Kí ni wọ́n fẹ́ sọ ná? Mo béèrè bóyá ẹnì kan mọ nǹkan, n ò sọ nǹkan tó ń ṣe mí.

Lọ́dọ̀ tiwa ní apá Òkun níbí, ní ìpínlẹ̀ Kogí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la fi ń kí gbogbo èèyàn, "Òkun o", àárọ̀ ni o, alẹ́ ni o, ẹni tó ń ti oko bọ̀, ẹni tí nǹkan ṣe, Òkun náà ni, òun ni wọ́n fi ń pè wá bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti kí àgbà tán, ẹ máa dúró kó dáhùn, ẹ máa béèrè ilé, béèrè ọmọ, kí ọ̀rọ̀ tó délẹ̀. Lórí chat ìyẹn ò ṣiṣẹ́. Ẹ kí wọn o, n ò ní kẹ́ ẹ di aláìlẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n inú mẹ́séèjì kan náà ni kí ìkíni àti ìbéèrè wà. Ẹni tó máa ràn yín lọ́wọ́ lè wà ní Jámánì, ó kàn yọjú wo chat fún ìṣẹ́jú méjì, tó bá bá ìbéèrè níbẹ̀ á dáhùn, tó bá bá "hello" á kọjá lọ.

Ẹ jẹ́ n sọ iṣẹ́ tó gbé mi débẹ̀. Mò ń bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Kàbbà tọ́jú àkọsílẹ̀ wọn, àgbẹ̀ onikajú ló pọ̀ jù nínú wọn, láti Ìyàrà, láti Ògìdì, títí dé Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀. Ìwé nọ́ọ̀tù ńlá kan ni bàbá akọ̀wé ń lò tẹ́lẹ̀, èmi ni mo kó o sínú MySQL, oríṣi dátábéèsì kan, lórí láptọ́ọ̀pù mi. Wọ́n wá ní kí n mú iye tí olúkúlùkù ti fi pamọ́ àti iye tó ti yá jáde, kí owó kajú tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Mo kọ kwẹ́rì, ìyẹn ìbéèrè téèyàn fi SQL kọ sí dátábéèsì. Ẹni tó fi ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pamọ́, kọ̀ǹpútà ní ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún ni. Àyà mi já.

Ibi tẹ́ ẹ ti lè béèrè kọ́kọ́ náà. Gúrúùpù WhatsApp àti Telegram àwọn ọmọ tech wa dáa, ẹ lè sọ Yorùbá pọ̀ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rẹ́rìn-ín. Tí ọ̀rọ̀ bá le jù bẹ́ẹ̀, ẹ lọ sí IRC, chat àtijọ́ tó ti wà láti 1988, ó sì wà láàyè síbẹ̀. Àwọn tó mọ dátábéèsì dénú egungun máa ń jókòó sí Libera.Chat, ọ̀kan lára nẹ́tíwọ́ọ̀kì IRC, ní chánẹ́ẹ̀lì #postgresql àti #mysql, ẹ lè wọlé láti inú bráúsà ní web.libera.chat. Ohun tí wọn kì í sọ fún ẹni tuntun ni pé IRC kì í tọ́jú mẹ́séèjì dè yín. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, ohun tí wọ́n bá sọ lẹ́yìn yín ti lọ nìyẹn, ẹ̀yin náà sì mọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa ṣe rí tí òjò bá ti ṣú. Torí náà ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè ńlá ní IRC nígbà tí bátìrì ku ìdá mẹ́wàá tí iná ò sì tíì dé. Telegram àti Discord ní tiwọn máa ń tọ́jú ẹ̀.

Ó yá, kí lẹ máa kó dání? Àwọn àgbà ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ẹni tó dúró ní páàkì Lọ́kọ́ja tó ń béèrè ọ̀nà tí kò sọ ibi tó ń lọ ńkọ́? Ẹni tó ń ràn yín lọ́wọ́ ò rí láptọ́ọ̀pù yín, kò mọ ẹgbẹ́ yín, nǹkan tẹ́ ẹ bá tẹ̀ nìkan ló ní lọ́wọ́.

Ẹ sọ irú dátábéèsì tẹ́ ẹ ń lò (MySQL, PostgreSQL, SQLite, oríṣi ni gbogbo wọn) àti version ẹ̀. Ẹ tẹ SELECT VERSION(). Tó bá jẹ́ MySQL tàbí PostgreSQL, ó máa sọ fún yín. Ẹ má fojú kéré ẹ̀ o. Àmì || tó ń so ọ̀rọ̀ pọ̀ ní PostgreSQL àti SQLite, "tàbí" ló túmọ̀ sí ní MySQL téèyàn ò bá yí sẹ́tíǹgì ẹ̀ padà. GROUP BY (òun ló ń kó ìlà tó jọra pọ̀) tó ń ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ lórí MySQL àtijọ́, tẹ́ ẹ bá gbé e dé 5.7 sókè á máa bú yín ní ERROR 1055.

Error náà, ẹ kọ gbogbo ẹ̀ pátá, ẹ má sọ pé "ó ń mú error wá". ERROR 1064, tí MySQL fi ń sọ pé bẹ́ ẹ ṣe kọ kwẹ́rì ò tọ́, máa ń ṣe àdàkọ díẹ̀ nínú kwẹ́rì yín lẹ́yìn ọ̀rọ̀ "near", ibi tó ṣáájú àdàkọ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ wò, kọ́mà tó sá lọ tàbí àkámọ́ tẹ́ ẹ gbàgbé ló sábà máa ń jẹ́. Ìdajì ìbéèrè tí mo fẹ́ béèrè lórí chat ló ti tán níbẹ̀ yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi fóònù ya ojú láptọ́ọ̀pù. Èmi ṣe é, fọ́tò dáyágónà, iná gílóòbù tàn sórí ẹ̀, ìka mi wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa jókòó tẹ kwẹ́rì yín láti inú fọ́tò. Ẹ dà á kọ bí ọ̀rọ̀, ẹ fi àmì ``` ṣáájú àti lẹ́yìn ẹ̀ lórí WhatsApp tàbí Telegram kó má baà dàrú, torí kíbọ́ọ̀dù fóònù míì máa ń yí àmì ' padà sí èyí tó tẹ̀ kọdọrọ, SQL ò mọ ìyẹn rárá. Tó bá ju ìlà mẹ́rin márùn-ún lọ, ẹ gbé e sórí dbfiddle.uk tàbí db-fiddle.com kẹ́ ẹ fún wọn ní líńkì, ìyẹn tiẹ̀ dáa jù torí wọ́n lè ṣe é ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Iṣẹ́ gidi wá ni kẹ́ ẹ gé ìṣòro náà kúrú. Ẹgbẹ́ tiwa lé ní igba èèyàn, ta ló fẹ́ ka ìyẹn? Mo mú èèyàn kan ṣoṣo, mo fún un ní orúkọ tí kì í ṣe tiẹ̀ (CREATE TABLE ló ń dá tébùlù sílẹ̀, INSERT ń fi ìlà sí i, LEFT JOIN ń so tébùlù pọ̀, SUM ń ro iye pọ̀):

CREATE TABLE omo_egbe (id INT, oruko VARCHAR(50));
CREATE TABLE ifowopamo (omo_id INT, iye VARCHAR(20));
CREATE TABLE eyawo (omo_id INT, iye VARCHAR(20));
INSERT INTO omo_egbe VALUES (1,'Onikaju');
INSERT INTO ifowopamo VALUES (1,'5000'),(1,'5000'),(1,'5000');
INSERT INTO eyawo VALUES (1,'20000'),(1,'20000');

SELECT o.oruko, SUM(i.iye), SUM(e.iye)
FROM omo_egbe o
LEFT JOIN ifowopamo i ON i.omo_id = o.id
LEFT JOIN eyawo e ON e.omo_id = o.id
GROUP BY o.id, o.oruko;

Mo wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé: ohun tí mo rí ni 30000 àti 120000, ohun tí mo ń retí ni 15000 àti 40000. Ìlà yẹn ṣe pàtàkì ju gbogbo kwẹ́rì lọ, ohun tí mo rí, ohun tí mo ń retí. CREATE TABLE náà, ẹ fi SHOW CREATE TABLE mú u jáde bó ṣe wà gan-an, kì í ṣe bẹ́ ẹ ṣe rántí ẹ̀.

Ẹ mọ̀ ọ́n, nígbà tí mò ń gé e kúrú ni mo ti fẹ́ẹ̀ rí i fúnra mi. Mo yọ SUM àti GROUP BY kúrò kí n wo ìlà tó wà lábẹ́ ẹ̀, ìlà mẹ́fà ló jáde. Ìfowópamọ́ mẹ́ta, ẹ̀yáwó méjì, tébùlù méjèèjì ò mọ ara wọn, ọ̀dọ̀ Onikaju ni wọ́n ti pàdé, ni ìlà kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀kan bá so mọ́ gbogbo ìlà ìkejì, mẹ́ta lọ́nà méjì. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún kọ̀ọ̀kan wọlé lẹ́ẹ̀mejì, ogún ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan wọlé lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìdáhùn dé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, méjì ló dé. Ẹni àkọ́kọ́ ní kí n fi SUM(DISTINCT i.iye). Ó kúrú, ó dùn-ún wò, kò sì dáa, torí DISTINCT máa ka ẹgbẹ̀rún márùn-ún mẹ́ta sí ẹyọ kan, Onikaju á wá ní 5000 péré. Ẹ rí i pé tí n kò bá kọ iye tí mò ń retí sílẹ̀, mo lè ti gbà á kí n máa dúpẹ́. Ẹnì kejì, ọ̀gá kan tí n ò tíì rí lójú rí, ní kí n ṣírò tébùlù kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ kí n tó so wọ́n:

SELECT o.oruko, COALESCE(i.apapo,0), COALESCE(e.apapo,0)
FROM omo_egbe o
LEFT JOIN (SELECT omo_id, SUM(iye) AS apapo FROM ifowopamo GROUP BY omo_id) i ON i.omo_id = o.id
LEFT JOIN (SELECT omo_id, SUM(iye) AS apapo FROM eyawo GROUP BY omo_id) e ON e.omo_id = o.id;

15000, 40000. COALESCE yẹn wà fún ẹni tí kò yá nǹkan kan, kó má baà jẹ́ NULL, ìyẹn àlàfo, ló máa hàn níbi tó yẹ kí òdo wà. Ọ̀gá náà tún béèrè pé kí ló dé tí iye mi jẹ́ VARCHAR, ìyẹn kọ́lọ́ọ̀mù ọ̀rọ̀, dípò ti nọ́ńbà bíi DECIMAL. Mo ní ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ọ̀gá, ó ti ń ṣiṣẹ́.

Tó bá jẹ́ UPDATE tàbí DELETE, àṣẹ tó ń yí ìlà padà tàbí tó ń pa á rẹ́, ni wọ́n fún yín lórí chat, ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ dátábéèsì gidi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ì báà jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín ló fún yín. Ẹ fi WHERE kan náà (ibi tó ń sọ ìlà tí àṣẹ máa kàn) ṣe SELECT kẹ́ ẹ ka ìlà tó jáde. Ẹ tẹ START TRANSACTION; ṣáájú, tó bá bà jẹ́ ẹ tẹ ROLLBACK; kó padà sí bó ṣe wà. Àmọ́ DROP TABLE, tó ń pa tébùlù rẹ́ pátá, ò mọ ROLLBACK ní MySQL o, ó ti lọ nìyẹn, ẹ fi mysqldump ṣe ẹ̀dà kan kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun. ChatGPT àti àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ náà, bákan náà ni, ẹ fún wọn ní CREATE TABLE yín, tẹ́ ẹ ò bá fún wọn wọ́n á fi kọ́lọ́ọ̀mù tí kò sí nílé ayé kọ kwẹ́rì fún yín pẹ̀lú ìgboyà.

Orúkọ èèyàn, nọ́ńbà fóònù, BVN, nọ́ńbà àkáǹtì, kò sí èyí tó gbọ́dọ̀ dé chat. Òfin ààbò dátà ti wà ní Nàìjíríà láti 2023, ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ fi ti òfin sílẹ̀, ẹni tó yá ogójì ẹgbẹ̀rún ní Ìyàrà kò fẹ́ kí gúrúùpù Telegram mọ̀.

Ẹ padà sọ fún wọn pé ó ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ kọ kwẹ́rì tó ṣiṣẹ́ náà síbẹ̀. Ẹni tó bá ń sá lọ lẹ́yìn ìdáhùn, wọ́n máa ń rántí orúkọ ẹ̀.

Mo tẹ iye olúkúlùkù jáde sórí ìwé, mo gbé e fún bàbá akọ̀wé. Ó gbé nọ́ọ̀tù àtijọ́ ẹ̀ jáde, ó wọ awò, ó ń fi bírò tọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó dé ọ̀dọ̀ ìyá kan, ó dúró. 10005.

"Ìwọ ọmọ yìí, náírà márùn-ún wo nìyí?"

Mo lọ wò ó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyá fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún pamọ́, èyí tó kẹ́yìn, '5,000' ni mo tẹ̀ ẹ́, pẹ̀lú kọ́mà. VARCHAR gbà á wọlé láìjanpata, SUM kà á dé kọ́mà, ó dúró síbẹ̀, ó pè é ní márùn-ún. PostgreSQL ì bá ti kọ̀ láti fi SUM ṣírò ọ̀rọ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mo tẹ SELECT * FROM ifowopamo WHERE iye LIKE '%,%'. Ìlà mọ́kànlá tó ní kọ́mà ló jáde.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo tún ṣí chat:

"Òkun o ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ kúkú rí i. MySQL 8.0 ni. Kọ́lọ́ọ̀mù iye, VARCHAR(20), kọ́mà wà nínú ìlà 11. Mo fẹ́ yọ kọ́mà náà kí n sì sọ kọ́lọ́ọ̀mù náà di DECIMAL láì pàdánù ìlà kankan. Mo ti ṣe ẹ̀dà. CREATE TABLE àti ìlà mẹ́ta rèé nísàlẹ̀."