Ẹ Má Ṣe Gbin Òdòdó Ṣáájú Ọ̀nà: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Yíya Máàpù Géèmù

Nínú gbogbo iṣẹ́ tó wà nínú géèmù RPG, ìyẹn èyí tí akọni kan ti ń rìn láti ìlú dé ìlú, tó ń jà, tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, máàpù ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ dáwọ́ lé. Òun náà ni wọ́n sì máa ń pa tì ní ìdajì. Wọ́n á ṣí RPG Maker, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe irú géèmù yìí, wọ́n á kó igi, òkúta àti òdòdó dà sórí koríko, ilẹ̀ á ti ṣú kí wọ́n tó mọ̀, síbẹ̀ wọn ò tíì lè sọ ohun tí akọni fẹ́ wá ṣe níbẹ̀. Wọn kì í ṣe ọ̀lẹ. Ohun tó yẹ kó kẹ́yìn ni wọ́n fi ṣáájú. RPG Maker MV, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dà rẹ̀, ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ jù, torí ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwa tí à ń dá géèmù ṣe ti bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ẹni tó ń lo irinṣẹ́ míì bíi Tiled tàbí Godot náà á mọ ohun tí mò ń wí.

Ẹ má ṣe fẹ ilẹ̀ kí ẹ tó mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀

Tí ẹ bá ní kí MV ṣe máàpù tuntun, 17 sí 13 ló máa gbé wá. Ìdí wà fún un. Táìlì kan, ìyẹn àwòrán kékeré onígun mẹ́rin tí a fi ń to máàpù, jẹ́ píksẹ́lì 48 níbùú àti 48 lóròó, ojú géèmù fúnra rẹ̀ sì jẹ́ 816 sí 624, nítorí náà táìlì 17 níbùú àti 13 lóròó ló ń hàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí a máa ń ṣe ni pé a ó pa nọ́ńbà yẹn rẹ́, a ó kọ 100 sí 100, torí a fẹ́ kí ìlú wa tóbi. Táìlì 10,000 nìyẹn. Ó ju ohun tó ń hàn lójú kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan lọ ní ìlọ́po 45, gbogbo rẹ̀ ni ẹ sì gbọ́dọ̀ wá nǹkan sí.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹsẹ̀ akọni wọ̀n ọ́n. Ìyára tí MV fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ ni 4. Ní ìyára yẹn, férémù 16 (férémù ni àwòrán kọ̀ọ̀kan tó ń tẹ̀ lé ara wọn lójú géèmù) ló ń lò láti kúrò lórí táìlì kan bọ́ sórí èkejì, férémù 60 ló sì wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà kì í rin táìlì mẹ́rin pé láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti etí máàpù 100 dé etí kejì, á gbà á tó ìṣẹ́jú àáyá 27. Tó bá lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ ní etí kan, tó tún padà wá jíṣẹ́ fún baálẹ̀ ní etí kejì, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lo odindi ìṣẹ́jú kan níbi tó ti ń wo koríko. Tó bá sáré, àkókò náà á dín sí ìdajì, àmọ́ koríko yẹn náà ló ṣì ń wò.

Bébà ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú. Ká ní igbó kan wà láàárín abúlé àti odò. Ajá ọdẹ kan sọnù síbẹ̀, afárá orí odò ti já, ọ̀nà àbùjá kan sì wà tí akọni máa ṣí nígbà tó bá ń padà bọ̀. Ibi mẹ́ta nìyẹn. Ẹ ya róbótó mẹ́ta, kí ẹ fa ìlà láàárín wọn, kí ẹ wá kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sórí ìlà kọ̀ọ̀kan: níbí, à ń gbọ́ tí ajá ń gbó, níbí, a ti ń rí afárá tó já lókèèrè kí a tó débẹ̀. Ìlà tí kò bá ní nǹkan kan lórí, ẹ gé e kúrú. Máàpù 40 sí 30 á gba igbó yìí, kò sì sẹ́ni tó máa ráhùn pé ó kéré.

Dragon Quest tó jáde ní Jèpánù lọ́dún 1986 ni mo máa ń tọ́ka sí tí ọ̀rọ̀ yìí bá délẹ̀. Bí akọni bá ti jáde láàfin ọba, ó ti lè rí ààfin ọ̀tá rẹ̀ ní òdìkejì omi. Ọ̀nà kò jìn lójú, àmọ́ omi ò jẹ́ kó ṣeé gbà. Ó di kó rin ọ̀nà jíjìn káàkiri ayé kó tó lè débẹ̀. Tó bá sì ti sọdá afárá, àwọn ẹranko tó máa pàdé á le ju ti ẹ̀yìn lọ. Kò sí ẹni tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó ń ṣàlàyé fún un. Omi àti afárá ti sọ ọ́.

Ẹ má ṣe ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ kí ẹ tó rìn ín

Lẹ́yìn bébà, táìlì méjì péré ló yẹ kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn: ọ̀kan tó ṣeé tẹ̀, ọ̀kan tí kò ṣeé gbà kọjá. Ẹ fi méjèèjì ya gbogbo ọ̀nà. Ẹ fi event, ìyẹn àmì tó ń mú kí nǹkan ṣẹlẹ̀ tí akọni bá débẹ̀, sí gbogbo ilẹ̀kùn àti ẹnu ọ̀nà, kí akọni lè wọlé kó sì jáde. Ó máa burẹ́wà gan-an. Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, kí ẹ rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Lásìkò yìí, tí ẹ bá rí i pé odò jìnnà jù, kíá lẹ máa fà á sún mọ́ tòsí. Tó bá jẹ́ lẹ́yìn tí ẹ ti to igi ọgọ́rùn-ún sí etí rẹ̀ ni, ọwọ́ yín ò ní lọ síbẹ̀ mọ́. Ẹ ó máa wá àwáwí fún odò náà títí géèmù á fi jáde.

Tí ẹ bá ń dán an wò, ẹ mú ọwọ́ kúrò lórí Ctrl. Ẹni tó bá di Ctrl mú nígbà ìdánwò nínú RPG Maker lè gba inú ògiri kọjá, ẹranko kankan ò sì ní dojú kọ ọ́. Ó dára fún ẹni tó fẹ́ tètè dé ibì kan láti wo nǹkan. Àmọ́ ìrìn tí ẹ fi Ctrl rìn kò lè fi hàn yín pé òkúta kan ti dí ọ̀nà ọjà, tàbí pé èèyàn á ti jà títí á fi sú u kó tó jáde nínú ihò.

Ihò yẹn gan-an nílò ìṣírò. Ìṣísẹ̀ 30 ni MV máa ń fi sí máàpù tuntun láàárín ìjà kan àti èkejì, ní ìpíndọ́gba. Ọ̀nà tí kò lójú, tó gùn tó táìlì 30, ìjà méjì ni, àlọ àti àbọ̀. Ẹni tó bá ja ìjà méjì tó wá bá ògiri lásán níwájú, inú rẹ̀ ò lè dùn. Ẹ fi àpótí síbẹ̀, tàbí òkú ọmọ ogun tó mú lẹ́tà dání. Tí ẹ ò bá rí nǹkan fi síbẹ̀, ẹ dí ọ̀nà náà pa.

Nígbà tó bá wá kan kíkún

Ilẹ̀ ló ṣáájú, lẹ́yìn náà omi àti òkè, lẹ́yìn náà ilé, lẹ́yìn náà igi ńlá. Òdòdó àti òkúta wẹ́wẹ́ ló kẹ́yìn. Àṣìṣe tí mo ń rí jù níbí ni fífọ́n: òdòdó kan lẹ́yìn táìlì mẹ́ta, láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni fọ́n ọkà fún adìyẹ. Ojú á kàn kọjá lórí gbogbo rẹ̀ ni. Ẹ bi ara yín léèrè pé ta ni ó ń gba ibẹ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ pọ̀ sí, koríko kì í hù níbẹ̀. Ibi tí omi ń ṣàn lọ, koríko á ga. Ibi tí ẹ ò fẹ́ kí akọni gbà, kí igi ṣú síbẹ̀ débi pé kò ní dán an wò rárá. Etí igbó àti etí odò ò gbọdọ̀ tọ́ bí ẹni fi rúlà fà á. Tí autotile, ìyẹn táìlì tó ń tún etí ara rẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀, bá ń so ara rẹ̀ mọ́ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbi tí ẹ ò fẹ́, ẹ di Shift mú nígbà tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, á dúró bí ẹ ṣe fi í sí.

Ẹ sì ṣọ́ra pẹ̀lú àmì tí a ń fi sára táìlì: O (ó ṣeé rìn kọjá), X (kò ṣeé gbà) àti ìràwọ̀ (ó ń bo akọni tó bá gba abẹ́ rẹ̀). Tílesẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àkójọ táìlì, lódindi ni àmì yẹn ń bá lọ, kì í ṣe máàpù kan. Tí ẹ bá yí àgbá kan padà sí O torí pé ó dí ọ̀nà ní abúlé, gbogbo àgbá irú rẹ̀ ní gbogbo ìlú tó ń lo tílesẹ́ẹ̀tì náà ti di ohun tí èèyàn lè rìn kọjá lórí. Ìràwọ̀ wà fún orí igi àti ṣóńṣó òrùlé, kí akọni lè gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Tí ẹ bá fi í sí gbogbo òrùlé, akọni á máa rìn wọ abẹ́ òrùlé lọ bí ẹni pé kò sí ilé níbẹ̀.

Fún àwa tí à ń ya ìlú Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan wà tó ká mi lára. Ilé òyìnbó tó ní ihò èéfín lórí ló wà nínú àwọn àwòrán tí wọ́n fi sínú RPG Maker, bí a bá sì ti ń fi wọ́n ya ìlú, ìlú náà á máa tò bíi ti òyìnbó láìjẹ́ pé a mọ̀. Pípààrọ̀ àwòrán nìkan ò tó, ẹ ṣàtúnṣe bí ìlú ṣe tò. Ààfin ló máa ń wà láàárín, ọjà ọba á wà níwájú rẹ̀, àwọn ọ̀nà á sì gba ibẹ̀ lọ sí àwọn ibodè. Agbo ilé yí àgbàlá ká, ẹnu ọ̀nà àwọn yàrá sì dojú kọ inú. Èyí rọrùn ju bí ẹ ṣe rò lọ: agbo ilé kan, máàpù kan, ìdílé bíi mélòó kan nínú rẹ̀, akọni ò sì ní máa fo láti máàpù dé máàpù torí kó lè kí ìyá àgbà. Ẹ má sì gbìyànjú láti ya gbogbo nǹkan bó ṣe gùn tó. Eredo, ògiri àti yàrà àtijọ́ tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, ju kìlómítà 160 lọ. Ẹ ya apá kan tí ògiri yàrà ti ga jù, àti ibodè kan, ó tó.

Ẹnu ọ̀nà ni ohun kékeré tó ń bu máàpù tó dára kù. Ọ̀nà fẹ̀ tó táìlì mẹ́ta, àárín nìkan ni wọ́n fi event sí. Akọni á gba ẹ̀gbẹ́, á sì lọ forí sọ òpin ayé. Ẹ fi í sórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó bá gba ọwọ́ ọ̀tún jáde gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ òsì wọ máàpù kejì, kó sì máa wo ọ̀tún.

Nígbà tí ẹ bá rò pé ó ti parí, ẹ pe ẹlòmíràn kó wá gbá a, kí ẹ jókòó sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ má sì bá a sọ̀rọ̀ rárá. Ẹ mú bébà yẹn dání, kí ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí gbogbo ibi tó bá ti dúró tó ń wò yíká láìmọ ibi tó kàn.