Bí A Ṣe Lè Lóye Òfin Ìpìlẹ̀ Kalkulọ́ọ̀sì, Kí A sì Fi Ṣiṣẹ́

Iṣẹ́ ńlá méjì ni kalkulọ́ọ̀sì ń ṣe. Èkíní ni wíwá ìyára tí nǹkan fi ń yí padà ní àkókò kan pàtó, bí eré tí ọkọ̀ ń sá ní ìgbà tí a wo ojú aago rẹ̀. Èkejì ni kíkó àwọn ohun kéékèèké jọ di odidi, bí ìwọ̀n ọ̀nà tí ọkọ̀ náà ti rìn láti ìgbà tí ó ti gbéra. Òfin ìpìlẹ̀ ni ó fi hàn pé ohun tí ọ̀kan bá dì ni èkejì ń tú. Isaac Barrow, onímọ̀ ìṣirò kan, ti rí ìbátan yìí nínú àwòrán jiọ́mẹ́tírì, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ìṣirò Newton àti Leibniz ni wọ́n sọ ọ́ di ọ̀nà ìṣirò tí ẹnikẹ́ni lè tọ̀. Ní oṣù October ọdún 1675 ni Leibniz kọ́kọ́ kọ àmì ∫ sílẹ̀. Lẹ́tà S tí a fà gùn ni, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ Látìn tí ó túmọ̀ sí àròpọ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ẹni tí ó bá rántí pé àròpọ̀ ni ∫ ń sọ kò ní ṣì í lò bí àmì lásán.

Kí a tó fi òfin náà ṣe ohunkóhun, ó yẹ kí a rí i pẹ̀lú ojú ara wa. Ẹ ya gíráàfù fọ́ńkṣọ̀n f kan (ìlànà tí ó ń fún iye x kọ̀ọ̀kan ní iye kan, f(x)) tí ó wà lókè ìlà ìsàlẹ̀, kí ẹ mú ibì kan tí ẹ ó pè ní a, kí ẹ sì kun gbogbo ààyè tí ó wà lábẹ́ gíráàfù náà láti a títí dé x. Ẹ pe ìwọ̀n ààyè tí ẹ kùn ní A(x), èyí tí a ń kọ báyìí:

A(x) = ∫ₐˣ f(t) dt

Nínú rẹ̀, f(t) ni gíga gíráàfù ní ibi t, dt sì ni ìbú kékeré tí a fi ń sọ gíga náà di púpọ̀ kí a tó kó wọn jọ. Nísinsìnyí, ẹ sún x síwájú díẹ̀, ní ìwọ̀n h. Ohun tí ó kún ààyè náà kò ju ẹ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ h, tí gíga rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ f(x). Nítorí náà, A(x + h) − A(x) fẹ́rẹ̀ẹ́ bá f(x) · h dọ́gba, bí a bá sì fi h pín in, f(x) ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kù. Bí h ti ń kéré sí i tí ó ń sún mọ́ òdo, bẹ́ẹ̀ ni gíga ẹ̀já náà kò ní àyè láti yàtọ̀ sí f(x) mọ́, níwọ̀n ìgbà tí gíráàfù f kò bá já níbì kankan. Ohun tí a rí ni apá kìíní òfin náà: A′(x) = f(x), níbi tí àmì ′ ti ń tọ́ka sí ìyára ìyípadà. Ìyára tí ààyè náà fi ń pọ̀ sí i ni gíga gíráàfù ní ibi tí a dé. Lójú tèmi, ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà, ẹni tí kò bá sì tíì yé kò gbọdọ̀ kánjú kúrò níbẹ̀.

Apá kejì kò le mọ́. Bí F bá jẹ́ fọ́ńkṣọ̀n mìíràn tí F′ = f, iye kan tí kì í yí padà nìkan ni ó lè mú F yàtọ̀ sí A. Níwọ̀n bí A(a) ti jẹ́ òdo, iye yẹn ni F(a), nítorí náà:

∫ₐᵇ f(t) dt = F(b) − F(a)

Ẹ jẹ́ kí a fi ṣiṣẹ́. Ká ní eré ọkọ̀ kan ní àkókò t jẹ́ 3t² + 2 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí a sì fẹ́ mọ bí ó ti rìn jìnnà tó láti t = 1 dé t = 3. A nílò F tí ìyára ìyípadà rẹ̀ yóò jẹ́ 3t² + 2, èyí sì ni t³ + 2t. Ẹ máa padà wá ìyára ìyípadà F láti rí i dájú pé f gan-an ni ẹ bá. F(3) jẹ́ 33, F(1) jẹ́ 3, nítorí náà ọkọ̀ náà rìn ní 30 mítà. Eré rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 5, ó sì parí sí 29, nítorí náà láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì, ọ̀nà tí ó rìn kò lè dín sí 10 mítà, kò sì lè ju 58 lọ. Ìdáhùn wa wà láàárín wọn.

Bí a bá ń wá ìyára ìyípadà àròpọ̀ tí òpin òkè rẹ̀ jẹ́ x² dípò x, gẹ́gẹ́ bí ∫ cos t dt láti 0 dé x², a ó fi x² sí ipò t nínú cos t, a ó sì fi ìyára ìyípadà x² sọ ọ́ di púpọ̀: 2x cos(x²) ni ìdáhùn. Ìsọdipúpọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé.

Àṣìṣe tí ó burú jù ni lílo òfin náà níbi tí gíráàfù ti já. Ẹ wo 1/x² láti −1 dé 1. F rẹ̀ ni −1/x, ìyọkúrò yóò sì fún wa ní −2, bẹ́ẹ̀ ni 1/x² kì í bọ́ sí ìsàlẹ̀ òdo láé. Ibi tí x ti jẹ́ òdo ni fọ́ńkṣọ̀n náà ti já, nítorí náà òfin kò ní àṣẹ níbẹ̀, −2 kì í sì í ṣe ìdáhùn.

Ẹ tún kíyè sí i pé ààyè tí ó bá wà lábẹ́ ìlà ìsàlẹ̀ ni ∫ ń kà ní òdì. Àròpọ̀ sin x láti 0 dé 2π jẹ́ òdo, nítorí pé ìdajì kìíní jẹ́ 2, ìdajì kejì sì jẹ́ −2. Bí ó bá jẹ́ ìwọ̀n ààyè gan-an ni a ń wá, a ó gé e sí méjì ní π, a ó ṣírò ẹyọ kọ̀ọ̀kan, a ó mú àmì òdì kúrò, a ó sì rí 4.