Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lórí Iná Dáṣíbọ́ọ̀dù àti Bọ́tìnnì Ọkọ̀ ní Ilẹ̀ Olókè

Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì tó ń dákú sójú títì ní Èkìtì ló ti kìlọ̀ fún olówó wọn tipẹ́. Iná tàn, awakọ̀ rí i, ó ní òun á kọ́kọ́ délé ná. Àwọn mìíràn tiẹ̀ máa ń bẹ rìwáyà pé kó bá àwọn pa iná tó ń dààmú ojú àwọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa iná kankan kẹ́ ẹ tó mọ ohun tó tàn án.

Ilẹ̀ wa kò tẹ́jú. Ẹni tó ń gun òkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, tàbí tó ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú èrò márùn-ún àti ẹrù nínú búùtù, ń di iṣẹ́ ru ẹ́ńjìnì àti bíréèkì ju ẹni tó ń rìn lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ. Ìwọ̀nba owó ni àwọn àṣìṣe kan máa ń náni níbòmíràn. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, wọ́n lè gba ẹ̀mí.

Ojú kan náà kọ́ la fi ń wo gbogbo iná

Bí iná bá pupa, ẹ wá ibi tó dáa, kẹ́ ẹ dúró. Bó bá jẹ́ yẹ́lò, ọkọ̀ ṣì lè rìn, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó pẹ́ kẹ́ ẹ tó gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Àwọ̀ ewé àti búlúù kàn ń sọ pé nǹkan kan wà ní títàn ni. Búlúù tó ní ìlà tó nà gbọọrọ síwájú ni iná gíga. Àìmọye èèyàn ló ń gbé búlúù yìí rìn láti Adó dé Ìkéré lóru, tí wọ́n ń fọ́ ẹni tó ń bọ̀ lójú, tí wọn ò sì mọ̀. Àwọn Toyota kan máa ń tan búlúù kékeré tó ní àwòrán ohun tí a fi ń wọn ooru ní àárọ̀: ẹ́ńjìnì ò tíì gbóná ni. Ẹ kàn rọra wa ọkọ̀ náà títí iná yẹn yóò fi kú fúnra rẹ̀. Tó bá jẹ́ pupa ni àwòrán yẹn tàn, ọ̀rọ̀ ti yí padà.

Ríra Tòkunbọ̀ láìwo iná nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wà ní ON

Ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ á sítáàtì rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, á rí i pé kò síná kankan lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, inú rẹ̀ á dùn, á sanwó. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé ON, kẹ́ ẹ má sì sítáàtì. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ oníbọ́tìnnì, ẹ má fẹsẹ̀ kan bíréèkì. Lára ọ̀pọ̀ wọn, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa tẹ bọ́tìnnì náà kó tó dé ON. Iná ọ́ìlì, bátìrì, check engine (àwòrán ẹ́ńjìnì), ABS (ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há bẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì) àti airbag (àpò afẹ́fẹ́ tó ń dáàbò bo èrò nígbà ìjàǹbá) gbọ́dọ̀ tàn pọ̀. ABS àti airbag á kú fúnra wọn láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ọ́ìlì, bátìrì àti check engine á dúró títí ẹ ó fi sítáàtì.

Èyí tí kò bá tàn rárá ni kẹ́ ẹ fura sí. Ó lè jẹ́ pé gílóòbù rẹ̀ ti jó. Ó sì lè jẹ́ pé ẹni tó ń ta ọkọ̀ ti yọ ọ́, tàbí kó ti so wáyà rẹ̀ mọ́ iná mìíràn kí méjèèjì lè jọ máa tàn, kí wọ́n jọ máa kú. Bí iná airbag bá ń kú ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà gan-an pẹ̀lú iná ọ́ìlì, ẹ ní kí rìwáyà tú dáṣíbọ́ọ̀dù wò níṣojú yín.

Iná ọ́ìlì kì í dúró dè yín délé

Òun ni iná pupa tó dà bíi kẹ́tùlù tí ọ́ìlì ń kán lẹ́nu rẹ̀. Àwọn èèyàn rò pé iye ọ́ìlì tó kù ló ń sọ. Rárá o. Agbára tí ọ́ìlì fi ń ṣàn kiri inú ẹ́ńjìnì ló ń sọ, ìyẹn sì ti lọ sílẹ̀. Nígbà tí agbára yẹn bá lọ, irin á máa ha irin. Bẹ́árìn inú ẹ́ńjìnì á yọ́, ẹ́ńjìnì á sì nọ́ọ̀kì. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó fún un. Ẹ̀rọ tó yẹ kó lò yín fún ọdún márùn-ún sí i á di ẹrù olùra irin.

Ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kẹ́ ẹ pa ẹ́ńjìnì lójú ẹsẹ̀. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú bó bá ṣeé ṣe, torí pé géèjì, ìyẹn ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì, máa ń parọ́ lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ fa géèjì yọ, ẹ nù ún, ẹ tún un tì bọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ tó fà á yọ láti kà á. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, ohun tó wà láàárín àmì ìsàlẹ̀ àti àmì òkè tó nǹkan bíi lítà kan. Ẹ máa bù ú díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ máa wọ̀n ọ́n. Ẹ má jẹ́ kó kọjá àmì òkè: bó bá pọ̀ jù, irin tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì á pò ó di ìfófòó, ọ́ìlì tó sì ń hó kò lágbára.

Bí ọ́ìlì bá pé tí iná náà sì tún tàn nígbà tẹ́ ẹ sítáàtì, ẹ pa á, kẹ́ ẹ wá ọkọ̀ tí yóò wọ́ ọ. Ẹ má gbà pé sẹ́ńsọ̀ lásán ni. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ á yọ sẹ́ńsọ̀ náà, á de ohun tí wọ́n fi ń wọn agbára ọ́ìlì mọ́ ojú ihò rẹ̀, á sì ka iye tó ń gbé. Kẹ́ ẹ tiẹ̀ tó débẹ̀, bí iná yẹn bá ń ṣẹ́jú nígbà tẹ́ ẹ ń yí kọ́nà tàbí tẹ́ ẹ ń gun òkè, ọ́ìlì ti lọ sílẹ̀, ó sì ń sá kúrò lẹ́nu pọ́ǹpù. Ẹ dúró níbi tó dáa, kẹ́ ẹ wọn ọ́ìlì.

Ṣíṣí rédíétọ̀ nígbà tó ń hó

Ibi tí abẹ́rẹ́ ooru máa ń dúró sí lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kò jìnnà sí àárín, ooru ẹ́ńjìnì nígbà yẹn sì wà ní nǹkan bíi 90°C. Bó bá ń lọ sókè bẹ́ ẹ ṣe ń gun òkè, ẹ pa AC, kẹ́ ẹ ṣí hítà dé òpin. Ooru á mú yín, àmọ́ ara ẹ́ńjìnì ló ti ń jáde. Tí kò bá sọ̀ kalẹ̀, tàbí tí iná pupa tàn, ẹ páàkì kẹ́ ẹ sì pa á.

Ẹ má fọwọ́ kan ìdérí rédíétọ̀ fún ìdajì wákàtí, ó kéré tán. Ìdérí yẹn ló ń há omi mọ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí omi inú rẹ̀ fi lè gbóná kọjá 100°C kó má sì tíì hó. Bẹ́ ẹ bá ṣí i, gbogbo rẹ̀ á hó lẹ́ẹ̀kan náà, á sì tú sí yín lójú àti láyà. Ẹ má sì da omi tútù lé ẹ́ńjìnì tó ń gbóná lórí tàbí sínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni orí ẹ́ńjìnì ti ń là.

Ohun kan tún wà tó ń tan àwọn awakọ̀ tó dáńtọ́ pàápàá jẹ. Abẹ́rẹ́ ti gòkè tán, ó ṣàdédé já wálẹ̀, awakọ̀ á ní ó ti tù ú. Ó lè jẹ́ pé omi ti tán ni. Inú omi ni sẹ́ńsọ̀ yẹn ti ń ka ooru. Bí omi bá ti gbẹ, afẹ́fẹ́ ló ń kà. Bí abẹ́rẹ́ bá já bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ ṣe ohunkóhun, ẹ pa ẹ́ńjìnì.

Yíyọ thermostat, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnì á fi gbóná, dànù náà kì í ṣe àtúnṣe. Ẹ́ńjìnì á máa tutù jù, á máa jẹ epo, iná check engine á sì tàn pẹ̀lú kóòdù (nọ́ńbà àṣìṣe tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń kọ) P0128. Ẹ ra tuntun, kí wọ́n fi í sí i.

Iná bátìrì pupa tó tàn nígbà tí ọkọ̀ ń rìn kì í sábà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ bátìrì. Alternator, ẹ̀rọ tó ń pèsè iná fún ọkọ̀, ni kò gbé iná wá mọ́, tàbí bẹ́líǹtì ti já. Bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kí mítà ka nǹkan bíi 13.5 sí 14.7 fóòtì lójú bátìrì. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bẹ́líǹtì kan náà ló ń yí pọ́ǹpù omi, nítorí náà bí iná yìí bá tàn tí ooru sì ń gòkè, ẹ má rìn síwájú mọ́.

Nútírà lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́

Àṣìṣe tó bà wá lẹ́rù jù lọ rèé. Awakọ̀ á fi jíà sí nútírà láti orí òkè Ẹ̀fọ̀n, á ní òun ń ṣọ́ epo lò. Ọkọ̀ tó ń lo injector, ohun tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnì, kì í jẹ epo rárá nígbà tó wà nínú jíà, tó ń yí sọ̀ kalẹ̀, tẹ́ ẹ sì gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tùlù. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló ń dá epo dúró. Nínú nútírà, ó gbọ́dọ̀ jẹ epo kí ẹ́ńjìnì má bàa kú. Epo tí wọ́n ní àwọn ń ṣọ́ ni wọ́n ń jó.

Èyí tó burú jù ni pé bíréèkì nìkan ló kù tó ń di ọkọ̀ mú. Páàdì á gbóná, omi bíréèkì á hó, èéfín inú rẹ̀ á sì rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín: ẹ ó tẹ bíréèkì, yóò wọlé dé ilẹ̀, ọkọ̀ ò ní dúró. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, ẹ fi jíà sí 3 tàbí 2, tàbí kẹ́ ẹ tẹ bọ́tìnnì O/D (overdrive, jíà tó ga jù lọ) tó wà lára ọ̀pá jíà kí O/D OFF tàn. Bó bá jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó le gan-an, ẹ lo L, jíà tó kéré jù lọ, àmọ́ kí eré ti wálẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó fi í síbẹ̀. Nígbà tẹ́ ẹ bá dé pẹ̀tẹ́lẹ̀, ẹ tún O/D tẹ̀ kí iná yẹn kú. Àwọn kan ń wa ọkọ̀ pẹ̀lú O/D OFF láti oṣù dé oṣù, wọ́n sì ń bínú sí epo. Ẹ má sì pa ẹ́ńjìnì nígbà tí ọkọ̀ ń yí lọ: stíárìn á le, bíréèkì á le, kọ́kọ́rọ́ sì lè ti stíárìn pa.

Iná bíréèkì pupa tó ní àmì "!" lè jẹ́ pé ẹ gbàgbé àńbíréèkì ni. Bí àńbíréèkì bá wà nílẹ̀ tí iná náà ò kú, omi bíréèkì ti dínkù. Àṣìṣe ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kàn bu omi sí i kẹ́ ẹ sì máa lọ. Bí páàdì bá ṣe ń jẹ ni omi yẹn ṣe ń lọ sílẹ̀. Ẹ wo páàdì, ẹ wo bóyá ó ń jò létí táyà. Orúkọ tó wà lójú ìdérí rẹ̀, DOT 3 tàbí DOT 4, lẹ máa rà. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tàbí ọ́ìlì stíárìn á mú kí gbogbo rọ́bà inú bíréèkì wú. ABS nìkan tó jẹ́ yẹ́lò kò ní kí bíréèkì má mú, àmọ́ táyà lè há lójú títì tó tutù. Bí ABS àti pupa bá tàn pọ̀, ẹ má gbé ọkọ̀ náà gun òkè kankan.

Check engine tó ń ṣẹ́jú

Bó bá dúró lójú kan, ẹ ní ọjọ́ díẹ̀. Bó bá ń ṣẹ́jú, púlọ́ọ̀gì tàbí kọ́ìlì kan kò jó epo dáadáa, epo tútù ń wọ ìdí èéfín, ó ń jó nínú catalytic converter, ẹ̀rọ tó ń fọ èéfín mọ́, ó sì ń bà á jẹ́. Ẹ dín eré kù, ẹ wá ibi tẹ́ ẹ máa dúró sí. Ní àkókò ọyẹ́, ẹ má páàkì sórí koríko gbígbẹ, torí ooru abẹ́ ọkọ̀ yẹn lè ràn án.

Ẹ má yọ orí bátìrì láti pa iná yìí. Kóòdù á pa rẹ́, àkọsílẹ̀ bí ooru àti eré ṣe rí nígbà tí àṣìṣe ṣẹlẹ̀ á bá a lọ, iná náà á sì tún padà. Gbogbo ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti módẹ̀lì 1996, ọdún kan náà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, ló ní ihò OBD2, tí wọ́n ń ki ẹ̀rọ ìyẹ̀wò bọ̀, lábẹ́ stíárìn. Ẹ ní kí ẹni tó ṣe ìyẹ̀wò kọ nọ́ńbà kóòdù fún yín. Kóòdù kì í dárúkọ ohun tẹ́ ẹ máa rà: P0171 ń sọ pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ, ó sì lè jẹ́ rọ́bà tó là tàbí pọ́ǹpù epo tó ti rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo ìdérí táńkì epo pàápàá. Bí kò bá dé dáadáa, iná yìí lè tàn. MAINT REQD ti Toyota ní tirẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Ó ń rán yín létí pé àkókò sáfíìsì tó ni, ẹ má sanwó ìyẹ̀wò nítorí rẹ̀.

Máìlì, hazard àti àńbíréèkì

Ọ̀pọ̀ Tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà ń fi máìlì ka eré ní nọ́ńbà ńlá. Kìlómítà ni nọ́ńbà kékeré abẹ́ rẹ̀. 50 lójú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 80 ní wákàtí kan, bẹ́ẹ̀ 50 kìlómítà lòfin gbà láàárín ìlú. Ẹni tó rò pé òun ń rọra wakọ̀ kọjá ní Fájuyì ní Adó ti ń sáré.

Hazard, ìyẹn iná ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tó ń ṣẹ́jú pọ̀, wà fún ọkọ̀ tó dúró sójú ibi tó lè fa ewu. Ẹni tó tàn án láti sọ pé òun ń lọ tààrà ní oríta ń da orí ẹlòmíràn rú: ẹni tó bá rí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ yín kan ṣoṣo á rò pé ẹ fẹ́ yà. Lọ tààrà láìtan nǹkan kan. Nínú kùrukùru òwúrọ̀, ẹ tan iná kúkurú. Iná gíga á ta padà sí yín lójú.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ páàkì lórí òkè, ẹ tẹ bíréèkì, ẹ fa àńbíréèkì, ẹ fi jíà sí N kẹ́ ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò kí ọkọ̀ fi ara ti àńbíréèkì, kẹ́ ẹ tún tẹ bíréèkì, kẹ́ ẹ tó wá fi í sí P. Bẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti P, irin kékeré inú jíà ló ń gbé gbogbo ẹrù ọkọ̀, ìró "gbà!" tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ nígbà tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ nìyẹn. Bí kò bá sí etí kọnkéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹ yí táyà iwájú sí ọwọ́ ọ̀tún, kí ọkọ̀ lè yí kúrò lójú títì bó bá já.

Bọ́tìnnì tó ní àwòrán ọkọ̀ tó ń yọ̀, tó ní ìlà wíwọ́ lẹ́yìn, ni ti ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà yọ̀; ẹ má pa á lójú òjò. Bí iná rẹ̀ bá ń ṣẹ́jú, iṣẹ́ ló ń ṣe. Ìgbà tí táyà bá rì sínú ẹrọ̀fọ̀ ọ̀nà oko, tí ọkọ̀ ò lè jáde, lẹ lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí OFF tàn, kẹ́ ẹ sì rọra tẹ tọ́tùlù. Kété tí táyà bá ti kan ilẹ̀ líle, ẹ tún un tẹ̀ kí OFF kú.